Lẹ́tà Tí Ìmísí Kọ Lórúkọ Bàbá Rẹ̀

Àlhájà Mùnírátù ka ìwé tó kẹ́yìn tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Ìmísí jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí àga gígùn nínú pálọ̀ Àlhájà ní Ìlàrè, ó ń wo ẹnu obìnrin náà bí ẹni tó ń retí ìdájọ́ ní kóòtù.

"Bàbá Ìmísí," ni Àlhájà wí nígbà tó yá, "ẹ ní kí n sọ bó ṣe rí, mi ò sì ní tàn yín. Bí èèyàn mẹ́wàá bá mú irú ìwé yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò, bóyá ni wọ́n á gba mẹ́ta."

Ìmísí wo ojú bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò yí padà. Olúgbénga Fáníyì ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣe iṣẹ́ sọ́jà kó tó fẹ̀yìntì, ìjókòó sọ́jà ló sì ṣì ń jókòó: ẹ̀yìn gbọọrọ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ló nà síwájú, nítorí pé kò ṣeé ká dáadáa mọ́ láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti bà á jẹ́ ní Borno.

"Kí ni wọ́n máa rí tí kò ní wù wọ́n, mà?" ni ó béèrè.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Àlhájà fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn kó tó wá fi Ifẹ̀ ṣe ilé. Ojú rẹ̀ ti rí fọ́ọ̀mù. Ó fa fọ́ọ̀mù bàbá Ìmísí sọ́dọ̀, ó nàka sí i. "Àkọ́kọ́, oyè yunifásítì tí ẹ gbà nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tọ́ọ̀dù kíláàsì ni, ìpele kẹta. Mo mọ̀ pé inú bárékè lẹ ti kà á, pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé yín lọ síbí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbé yín lọ sọ́hùn-ún. Àwọn kò mọ ìyẹn. Ìkejì, ẹ ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ ó jọ jókòó. Ìkẹta, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe báyìí."

Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni nínú yàrá náà tí kò mọ iṣẹ́ tí Fáníyì ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní àdúgbò Mayfair ló ń ṣọ́.

"Kí ló wá wà tó lè gbè wá lẹ́sẹ̀?" Ìmísí ló béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Àlhájà kò bá a wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, ọmọ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò kì í wá ẹni tó mọ̀wé nìkan. Ẹni tó ti darí èèyàn rí ni wọ́n ń wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nígbà tí nǹkan le. Bàbá rẹ ti ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan nínú gbogbo èyí tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n ní kí ó kọ nípa ara rẹ̀ ni yóò sọ ọ́." Ó kọjú sí bàbá Ìmísí. "Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí ní Borno. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, mẹ́ta yẹn lè di márùn-ún."

Fáníyì tẹ orí ba díẹ̀. "Ohun tí ojú sọ́jà ń rí, mà, kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú fọ́ọ̀mù."

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò yìí kì í ṣe àṣejù lójú bàbá Ìmísí. Ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ifẹ̀tẹ̀dó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátò ń jẹrà lóko lọ́dọọdún nítorí pé ọ̀nà kò dára, àwọn awakọ̀ kì í sì í fẹ́ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ gba ọ̀nà búburú kọjá ni bàbá náà ṣe nígbà tó wà nínú ológun, ó sì dá a lójú pé òun lè dá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ náà. Ó ti lọ bá báńkì. Ó ti lọ bá àwọn ọlọ́jà ńlá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi í: níbo ló ti kọ́ òwò? Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òwò tuntun kan wá ṣí ní ọ̀nà Mayfair, tí wọ́n ní àwọn ń fẹ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí, ni ọkàn rẹ̀ bá lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni bàbá náà fi kọ lẹ́tà nílé wọn ní Ìrémọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jẹun, yóò jókòó sídìí tábìlì, yóò mú bírò. Ìmísí a máa yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè é, ó sì fún un ní ìwé náà pé kó lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìlà mẹ́ta ló wà nínú ìwé náà. "Orúkọ mi ni Olúgbénga Fáníyì. Mo ṣe iṣẹ́ sọ́jà fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọkọ̀ àti oúnjẹ ni mo ń bójú tó. Mo fẹ́ kọ́ òwò kí n lè máa kó ẹrù fún àwọn àgbẹ̀."

"Ṣé ó tán, sà?" ni Ìmísí béèrè.

"Ó tán. Ṣé irọ́ wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n Àlhájà ní kí ẹ kọ ohun tí ojú yín rí."

Bàbá rẹ̀ dìde, ó rọra tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. "Ìyẹn ni mo lè kọ, Ìmísí," ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìyá Ìmísí, tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbé orí sókè kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń máàkì. Ó mi orí sí ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣe tẹ̀lé e. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Láti ọdún mẹ́fà tí Fáníyì ti dé láti Borno, kò tíì sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Ìmísí fi ìwé ìlà mẹ́ta han ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọlátẹ́jú, nínú kíláàsì wọn. Kíláàsì SS3 ni àwọn méjèèjì wà, ìdánwò WAEC sì ti ń sún mọ́lé.

Ọlátẹ́jú kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Èyí kọ́ ni ìwọ fẹ́ fi ránṣẹ́? Àwọn tó ń kà á máa sùn lọ kí wọ́n tó dé ìlà kejì. Bàbá ẹ jagun, Ìmísí. Ogun! Kọ ogun síbẹ̀."

"Kò sọ ọ́ fún wa rí. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ta ló máa wádìí ẹ̀? Ṣé wọ́n máa wọ ọkọ̀ lọ sí Borno ni? Nígbà tí bùrọ̀dá mi fẹ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n bá a fi iyọ̀ díẹ̀ sí tiẹ̀. Ó ti wọlé, ó ń kàwé lọ. Ìwọ rò ó wò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké."

Ọ̀rọ̀ náà kò fi Ìmísí lọ́rùn sílẹ̀ títí ilé-ìwé fi parí. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí òun lọ gbé oúnjẹ fún bàbá òun ní Mayfair, tí máníjà ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì náà, ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ń fun fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn lára nítorí pé kò tètè dé ìdí géètì. "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ti kú ni?" ló wí. Bàbá Ìmísí sì ṣílẹ̀kùn, ó kí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Ìmísí dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Lágere.

Ó kọ́kọ́ tẹ ìlà mẹ́ta náà bó ṣe wà. Ó wò ó. Ó kéré lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà náà bí èèrà lórí ògiri funfun. Ó pa á rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ó fi ohun tó ti wò nínú fóònù kún ohun díẹ̀ tó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn sọ́jà mìíràn, pé ọ̀tá dí ọ̀nà mọ́ ogójì sọ́jà nínú igbó, bàbá rẹ̀ sì wà lára wọn. Ó kọ ọ́ pé bàbá náà gbé ìbọn, ó ṣáájú, ó la ọ̀nà láàárín ọ̀tá, ó sì kó gbogbo wọn jáde. Nígbà tó fẹ́ parí rẹ̀, inú rẹ̀ ti ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ló bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ogójì ni a wọ igbó náà, ogójì ni a jáde. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọnù lọ́wọ́ mi."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?" ni ohùn bàbá rẹ̀ wí láàárín ariwo ọkọ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, sà."

"Bí mo ṣe kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Fi ránṣẹ́. Mo fọkàn tán ẹ."

Ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ìdáhùn dé pé kí Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìyá Ìmísí pariwo ayọ̀ nínú ilé. Bàbá rẹ̀ kò pariwo, ṣùgbọ́n Ìmísí gbọ́ tó ń súfèé nínú balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti gbọ́njú. Àlhájà Mùnírátù wá kí wọn nílé ní Ìrémọ.

"Mi ò mọ ohun tí ẹ kọ," ló wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, "ṣùgbọ́n ó wọ̀ wọ́n létí. Ó ti di mẹ́fà nínú mẹ́wàá báyìí. Mo tiẹ̀ wádìí àwọn tó máa jókòó. Dókítà Awódélé ni olórí wọn, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni. Èkejì rẹ̀ ló máa wúlò fún yín jù: Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ayọ̀ọlá. Ó ti fẹ̀yìntì. Borno lòun náà wà kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Sọ́jà ló máa bá sọ́jà sọ̀rọ̀."

Fáníyì rẹ́rìn-ín. Ìmísí, tó ń gbé omi lọ fún Àlhájà, da omi náà sórí ẹní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Bí Ìmísí bá ti jí ni yóò ti máa sọ fún ara rẹ̀ pé òní ni òun yóò sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀. "Dádì," ló wí. Bàbá rẹ̀ gbé áyọ̀ọ̀nù dúró. "Kí ló dé? Sọ̀rọ̀." Ìyá rẹ̀ wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé táì wo ni wọ́n máa fi sí i, Ìmísí bá ní kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó rìn dé Mayfair láti lọ sọ ọ́ fún un lẹ́nu iṣẹ́. Ó bá a tó ń sọ fún obìnrin kan tó ń ra búrẹ́dì pé òun máa tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti lọ kàwé. Ojú rẹ̀ ń dán. Ìmísí yí padà sílé. Nínú ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún WAEC tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé lọ́sẹ̀ náà, ó kọ ìdáhùn kan náà sí ìbéèrè méjì, tíṣà sì pè é pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni.

Ó sọ ọ́ fún Ọlátẹ́jú. "Ṣé o fẹ́ ba ti bàbá ẹ jẹ́ ni?" ni Ọlátẹ́jú wí. "Dákẹ́. Wọ́n lè má bi í nípa rẹ̀ rárá."

Ó dákẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá rẹ̀ sì ní kí Ìmísí sin òun lọ. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ bí márùn-ún tó wọ kóòtù, tí wọ́n ń ka nǹkan nínú fóònù. Bàbá rẹ̀ kò ka nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan Ìmísí léjìká. "Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ẹ́," ló wí. Wọ́n pe orúkọ bàbá náà, ó wọlé.

Iná ọba ti lọ, ooru sì mú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni Ìmísí ń gbọ́ láti orí bẹ́ńṣì tó jókòó sí. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ẹrù kíkó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì dáhùn dáadáa. Obìnrin kan béèrè nípa tọ́ọ̀dù kíláàsì rẹ̀, ó dáhùn ìyẹn náà láìṣàwáwí. Ìmísí ti ń mí délẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ohùn ọkùnrin àgbà kan gbà á.

"Sájẹ́ǹtì Fáníyì, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ó yé mi. Ẹ ní ìbọn lẹ fi la ọ̀nà fún ogójì sọ́jà. Ẹ wá ní, 'Ogójì ni a wọ igbó náà, ogójì ni a jáde. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọnù lọ́wọ́ mi.' Èmi náà wà ní agbègbè yẹn lọ́dún yẹn. Kò sí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó dé etí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni bàbá Ìmísí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀, "ẹ bá mi tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kà."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì tún un kà.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹnì kan sọnù. Kabir lorúkọ rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ wá kọ ọ́ pé kò sí?"

"Orúkọ mi ló wà lábẹ́ lẹ́tà náà, sà. Èmi ni kí ẹ bi."

Ìmísí mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bàbá òun ti mọ ẹni tó kọ ọ́, àti pé kò ní dárúkọ òun bí wọ́n bá tiẹ̀ lé e jáde. Ó wo ọ̀nà tó jáde sí ìta, kò jìnnà. Ó dìde, ó sì wọ inú yàrá náà lọ, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí, omijé ti bò ó lójú. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta ni bàbá mi kọ, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Wọn ò mọ̀ sí i."

Dókítà Awódélé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlógún, mà."

"Dìde. Jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó yíjú sí bàbá náà. "Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, ẹ sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ fún wa."

Ìmísí rò pé kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò sí lára àwọn ogójì tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́; ẹ̀yìn lòun wà, níbi tí oúnjẹ wà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni oúnjẹ kò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun ló wá ọ̀nà mìíràn rí, ọ̀nà odò kan tó ti gbẹ, tó kún fún iyanrìn. Ọkọ̀ mẹ́ta ló máa gba ibẹ̀ kọjá, òun ló sì ní láti yan ẹni tó máa wa èyí tó ṣáájú. Ó yan Kabir, ọmọ Ìwó, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà lórí iyanrìn tó o. Òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gbé ọkọ̀ náà. Kabir kú, ẹsẹ̀ òun bàjẹ́. Ọkọ̀ méjì yòókù kọjá, àwọn ogójì náà sì jẹun.

"Mi ò yin ìbọn kankan lọ́jọ́ náà," ló wí. "Èmi ni mo yàn án. Títí di òní, mo ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìwó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kọ ọ́."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ayọ̀ọlá ti yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ìbéèrè òun tán.

Ìmísí àti bàbá rẹ̀ rìn jáde dé ẹ̀bá títì. Ìmísí kúnlẹ̀ sínú eruku. Bàbá rẹ̀ ní kó dìde.

"Ìwọ mọ ohun tó dùn mí?" ló wí. "Kì í ṣe ti ilé-ìwé. O ní ogójì wọlé, ogójì jáde. Ọmọ èèyàn kan wà tó kú kí àwọn yẹn lè jẹun, o sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nítorí kí lẹ́tà lè dùn."

"Mi ò mọ̀, sà."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ẹni tó ń parọ́ kì í mọ ẹni tí irọ́ rẹ̀ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀." Ó fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára Ìmísí. "Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Ká ní mo ti sọ ọ́ nínú ilé ni, o ò bá mọ ohun tí o máa kọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbà á. Wọ́n ní àwọn kò lè gba fọ́ọ̀mù tí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni yòówù tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìmísí nìkan ló lọ sí ọ́fíìsì Dókítà Awódélé lọ́jọ́ kejì. Ó mú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dání. Obìnrin náà kà á tán.

"Mà, bàbá mi kò ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ wọ́n níyà."

"Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀," ni Dókítà wí. "Ohun tí a fi ń dá àwọn èèyàn mọ̀ níbí ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí mo bá fojú fo tiyín nítorí pé àánú yín ṣe mí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn lọ́la? Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ, kí o lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà akọni bíi mẹ́jọ ni a kà lọ́dún yìí. Wọ́n jọra bí ìbejì, tìrẹ náà wà lára wọn. Kò sí ìkankan tó sọ bí èèyàn ṣe ń yan ẹni tó máa wa ọkọ̀ tó ṣáájú, tó sì ń gbé ẹrù rẹ̀ rìn fún ọdún mẹ́fà. Ká ní ìyẹn ló wà nínú lẹ́tà ni, tọ́ọ̀dù kíláàsì kò ní dí i lọ́wọ́."

Ìmísí sunkún láti ibẹ̀ dé Ìrémọ.

Ọdún náà gùn. Bàbá rẹ̀ ṣọ́ géètì búrẹ́dì nínú òjò àti nínú ọyẹ́, nígbàkigbà tí Ìmísí bá sì gbé oúnjẹ lọ fún un, tó gbọ́ tí wọ́n ń fun fèrè mọ́ ọn, ó mọ̀ pé òun ló dá a dúró síbẹ̀. Ó ṣe ìdánwò WAEC tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣirò, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ìwé ìdáhùn sí i lábẹ́ àga, kò wò ó. Ọlátẹ́jú ní ìwà òmùgọ̀ ni, ó bínú sí i nígbà tó gbọ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà tí fọ́ọ̀mù tún jáde, ojú ewé méjì ni Fáníyì kọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, ìyá Ìmísí sì jókòó tì í, nítorí pé àwọn ibì kan wà tí kò lè dá nìkan kọ. Ó pe ìyá Kabir kó tó bẹ̀rẹ̀, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti dárúkọ ọmọ rẹ̀. Ìmísí tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, ó sì kà á sókè létí bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìdáhùn dé, wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣe díplómà nítorí irú oyè tó ní, pé bó bá yege nínú rẹ̀, yóò bọ́ sí kíláàsì oyè kejì tààrà. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí lọ́mọ, ó sì jókòó síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ráàyè nà.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Ìmísí kò tiẹ̀ pé oṣù méjì tí òtítọ́ fi bá a. Ọdún kan odindi ni irọ́ náà gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ bàbá náà ló sì mú un kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ kò ju èyí lọ, òun náà sì ni ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lè mú dání: ẹni tó bá parọ́ láti gbé ẹni tó fẹ́ràn ga, ẹni náà gan-an ló máa kọ́kọ́ jà lólè. Òtítọ́ wa lè kéré lójú wa, kí ojú rẹ̀ sì máa tì wá. Síbẹ̀ òun nìkan ni a lè dúró tì nígbà tí wọ́n bá ní ká tún ìlà tó kẹ́yìn kà.